Ìgbà Mélòó Ni Ó Tọ́ Kí A Máa Wọn Ara Wa?

Ọ̀ràn kan wà tí ó ti di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ nínú ilé púpọ̀ ní Ìdèrè níhìn-ín, a kò sì lè ṣàì kọ̀wé nípa rẹ̀. Òun ni ọ̀ràn òṣùwọ̀n pẹlẹbẹ nì, tí a ń gbé sí igun yàrá, tí a ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì gùn, tí ó sì ń sọ bí ara ẹni ti wúwo tó. Ní ayé àwọn baba wa, ẹrù ọjà ni a ń gbé ka òṣùwọ̀n; ènìyàn kì í gùn ún. Bí ẹnìkan bá sanra, a ó wí pé ayé yẹ ẹ́. Bí ó bá rù, a ó béèrè pé àìsàn wo ni ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nísisìnyí tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ń bá àwọn ènìyàn wa jà, àwọn oníṣègùn ń sọ fún ọ̀pọ̀ nínú wa pé kí a dín ìsanra wa kù. Ẹni tí a bá sọ bẹ́ẹ̀ fún a lọ ra òṣùwọ̀n, ìbéèrè tí ó sì kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn rẹ̀ ni èyí: ìgbà mélòó ni kí n máa gùn ún? Ṣé ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ ni, tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tàbí lẹ́ẹ̀kan lóṣù?

Àwa fúnra wa ti ṣe àṣìṣe nínú ọ̀ràn yìí, a sì fẹ́ kí àṣìṣe náà di ẹ̀kọ́ fún àwọn ẹlòmíràn.

Ohun Tí Ó Ṣẹlẹ̀ Sí Wa

Ní ọdún tí ó kọjá, orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ wa ní òròòwúrọ̀, bí a bá sì rìn jìnnà díẹ̀, a ó máa mí hẹlẹ. Ìyá àwọn ọmọ wa kò jẹ́ kí a gbádùn títí a fi lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn kan. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò, wọ́n sì rí i pé ó ru. Wọ́n ní kí a gun òṣùwọ̀n: 98 kílò ni ó sọ. Dókítà fún wa ní oògùn, ó sì wí pé bí a bá lè dín ìwúwo náà kù ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, èyíinì ni bí kílò márùn-ún, yóò ṣe wá ní oore púpọ̀. A fi etí sílẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí pé baba tí ó bí wa ṣubú lójijì nínú oko ní ọjọ́ kan, apá kan ara rẹ̀ rọ, kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Kò sí ẹni tí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò rí.

A ra òṣùwọ̀n kan ní Ìgbò-Ọrà. A dín òkèlè kù, a sì fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀. Ní òwúrọ̀ a gun òṣùwọ̀n. Bí a ti ti ibi iṣẹ́ dé, a tún gùn ún. Kí a tó sùn, a tún gùn ún. Ní ọjọ́ kẹrin ó sọ 97 kílò, inú wa sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí a pe àwọn ọmọ wá wò ó. Ní ọjọ́ Sátidé a lọ sí ìkómọjáde kan, a jẹ ìrẹsì, a jẹ ẹran, a sì mu ohun tí a gbé fún wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òṣùwọ̀n sọ 98 kílò àti ààbọ̀.

Ọkàn wa bàjẹ́. A wí fún ìyá àwọn ọmọ wa pé, "Ebi tí a ń fi pa ara wa yìí, lásán ni."

Ó dáhùn pé, "Bàbá Ìbejì, ẹ ṣe sùúrù. Òṣùwọ̀n kọ́ ni ó fún yín ní oògùn."

A kò gbọ́ tirẹ̀. A ti òṣùwọ̀n bọ abẹ́ ibùsùn, a padà sí òkèlè wa àtijọ́, nínú ìbínú a sì fi díẹ̀ kún un. Nígbà tí a padà sọ́dọ̀ dókítà lẹ́yìn oṣù kan ààbọ̀, a ti di 100 kílò, ẹ̀jẹ̀ wa sì ru ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nọ́ọ̀sì tí ó wọ̀n wá jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tí a lè bí. Ó wò wá lójú, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ìgbà mélòó lójúmọ́ ni ẹ ń gun òṣùwọ̀n yín nílé?" A sọ fún un. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe ọ̀rá ni ẹ ń wọ̀n nígbà náà. Omi ni."

Ọ̀rọ̀ náà yé wa lójú kan náà, nítorí iṣẹ́ tí a ṣe nígbà èwe wa. A jẹ́ akọ̀wé nígbà náà lọ́dọ̀ oníṣòwò kan tí ń ra kóró kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò bá sá kajú rẹ̀ kí ó gbẹ, àpò rẹ̀ a wúwo púpọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó omi? A ó ní kí ó lọ sá a, kí ó sì gbé e padà wá. Bákan náà ni a máa ń yọ ìwúwo àpò kúrò kí a tó kọ iye ọjà sínú ìwé. Gbogbo èyí ni a mọ̀ nípa kajú, síbẹ̀ nígbà tí ó kan ara tiwa, a gbàgbé rẹ̀.

Ohun Tí Òṣùwọ̀n Ń Wọ̀n

Òṣùwọ̀n kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí omi. Ohun gbogbo ni ó ń wọ̀n pọ̀: egungun, ẹran ara, ẹ̀jẹ̀, oúnjẹ tí kò tíì dà nínú ikùn, ìtọ̀ tí a kò tíì tọ̀, àti aṣọ tí ó wà lọ́rùn wa. Lítà omi kan, kílò kan ni. Ẹni tí ó bá mu lítà omi kan tán tí ó sì gun òṣùwọ̀n lẹ́sẹ̀ kan náà, yóò rí i pé òun ti fi kílò kan wúwo sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá kankan kò sì kún ara rẹ̀.

Iyọ̀ pẹ̀lú a máa dá omi dúró nínú ara. Ọbẹ̀ àsè tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ lè mú kí òṣùwọ̀n gòkè ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí a bá sì jẹ iṣu, gáàrí, àmàlà láfún tàbí ìrẹsì, ara a kó díẹ̀ nínú agbára oúnjẹ náà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, ohun tí ó kó pamọ́ yìí a sì máa gba omi mọ́ra: bí gíráàmù mẹ́ta omi fún gíráàmù kan. Nítorí náà, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dín òkèlè kù a máa rí i pé kílò kan tàbí méjì lọ kíákíá ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Kí ó má ṣe yọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ àsè ọjọ́ kan tí ó rí i pé ó padà, kí ó má ṣe sọkún. Omi náà ni. Àwọn obìnrin pẹ̀lú, bí nǹkan oṣù wọn bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ara wọn a máa dá omi dúró, yóò sì lọ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Àwọn amòye ń fi kálórì ka agbára tí ó wà nínú oúnjẹ. Kí ènìyàn tó lè fi kílò ọ̀rá kan kún ara rẹ̀, ó ní láti jẹ bí 7,700 kálórì kọjá èyí tí ara rẹ̀ ń lò. Bí oúnjẹ òòjọ́ àgbàlagbà kan bá jẹ́ 2,500 kálórì, a jẹ́ pé oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò jẹ lé orí oúnjẹ tirẹ̀. Ta ni ó lè jẹ èyí níbi ìkómọjáde kan ṣoṣo? Kílò kan ààbọ̀ tí ó bà wá lọ́kàn jẹ́ nì, kò lè jẹ́ ọ̀rá láéláé.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti òní. Oníṣègùn kan wà ní ìlú Padua ní ilẹ̀ Ítálì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Santorio Santorio, tí a bí ní 1561. Ó so àga kan mọ́ apá òṣùwọ̀n ńlá, ó ń jókòó lé e, ó sì ń wọn ara rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, ohun mímu rẹ̀, àti gbogbo ohun tí ó ń jáde lára rẹ̀. Bí ọgbọ̀n ọdún ni ó fi ṣe èyí, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1614. Ohun tí ó rí ni pé ìgbẹ́ àti ìtọ̀ kò tó ohun tí òun ń jẹ àti èyí tí òun ń mu. Apá tí ó pọ̀ jù ń lọ láìfojúrí, láti ara awọ àti nípa èémí. Ara ń wúwo, ó sì ń fúyẹ́, láti wákàtí dé wákàtí. Ẹni tí ó bá ń gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ìgòkè-gòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ yìí ni ó ń wò.

Ohun Tí Àwọn Amòye Rí

Ẹnìkan lè wí pé, ó dára, bí òṣùwọ̀n bá ń tan ni báyìí, kí a kúkú gbé e sọnù. Àwa pẹ̀lú wí bẹ́ẹ̀, a sì di 100 kílò. Ní 1994, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Amẹ́ríkà, Rena Wing àti James Hill, bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ àwọn ènìyàn tí ó ti dín ìwúwo wọn kù ní 13.6 kílò ó kéré tán, tí wọn kò sì jẹ́ kí ó padà fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè ìṣe wọn, mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ni ó ń wọn ara wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ìwúwo rẹ̀ ń dín kù ni inú rẹ̀ ń dùn láti gun òṣùwọ̀n, tí ẹni tí ó ń sanra sí i sì ń sá fún un bí àwa ti sá. Nítorí náà àwọn amòye ṣe ìdánwò tí ó ṣe tààrà. Ní 2006, Wing àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn kan jáde nípa àwọn ènìyàn 314 tí ó ti dín ìsanra kù. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n kó àwọn kan jọ, wọ́n kọ́ wọn lójúkojú pé kí wọ́n máa gun òṣùwọ̀n lójoojúmọ́, wọ́n sì kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe bí ìwúwo wọn bá gòkè dé ibi báyìí. Wọ́n fi ẹ̀kọ́ kan náà ránṣẹ́ sí àwọn kejì láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ẹ̀kẹta, ìwé ìròyìn kékeré nìkan ni wọ́n ń rí gbà. Lẹ́yìn oṣù 18, àwọn tí a kọ́ lójúkojú ti fi 2.5 kílò sanra padà; àwọn tí ó ń gba ìwé lásán ti fi 4.9 kílò sanra padà. Àwọn ti íntánẹ́ẹ̀tì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí wọn.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó wà nínú èyí. Kì í ṣe pé òṣùwọ̀n jó ọ̀rá ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ó jàǹfààní jùlọ ni àwọn tí ó mọ ohun tí wọn yóò ṣe kí wọ́n tó gùn ún, tí wọ́n sì ní ẹlẹgbẹ́ tí wọn yóò jíhìn fún.

Ẹ̀rí kan sì wà láti ilẹ̀ wa. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti gbé iṣẹ́ ìlera wá sí Ìbàràpá, tí wọ́n fi Ìgbò-Ọrà ṣe ibùdó. Ní 2009, àwọn amòye láti Ìbàdàn àti láti Chicago tẹ ìròyìn kan jáde nípa àwọn obìnrin 149 láti ìgbèríko Ìbàràpá wa àti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú 172 ní Amẹ́ríkà. Wọ́n wọn agbára tí ara olúkúlùkù ń lò lójúmọ́, wọ́n sì tún ń wọn ìwúwo wọn ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tiwa, méje péré ni ó sanra kọjá ààlà. Ní ti Amẹ́ríkà, àádọ́ta ni. Gbogbo ènìyàn ì bá wí pé nítorí pé àwọn tiwa ń rokò, wọ́n ń ru igi, wọ́n sì ń pọnmi ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí títóbi ara olúkúlùkù, agbára tí àwọn méjèèjì ń lò nínú iṣẹ́ kò yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iye iṣẹ́ tí ẹnìkan ń ṣe kò sì sọ bóyá yóò sanra sí i lẹ́yìn ọ̀la.

Iṣẹ́ àti ìrìn ṣe ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ní oore, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé, "Èmi ń lọ sí oko, nítorí náà kò sí ìdí tí èmi yóò fi ṣọ́ ẹnu mi." Ìṣísẹ̀ nìkan kò tó, a ní láti wo inú àwo pẹ̀lú, òṣùwọ̀n sì ni yóò sọ fún wa bóyá a wò ó dáradára.

Ìmọ̀ràn Wa

Èkíní, ẹ yan ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì dúró lé e. Àwa yan òwúrọ̀ Ọjọ́rú, nítorí pé Ọjọ́rú jìnnà sí àsè ọjọ́ Sátidé àti ìrẹsì ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ gùn ún lẹ́yìn tí ẹ ti lọ sí ilé ìgbẹ́, kí ẹ tó fi ohunkóhun sí ẹnu, nínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kí òṣùwọ̀n wà lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí ó tẹ́jú, kì í ṣe lórí ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì, kí ó sì jẹ́ ojú kan náà nígbà gbogbo.

Èkejì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ má ṣe fi ti ọ̀sẹ̀ yìí wé ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá nìkan; ẹ fi wé ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn. Ààbọ̀ kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ti tó fún ẹni tí kò fẹ́ kí ó padà.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lè gùn ún lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré lójúmọ́, ní òwúrọ̀. Kí ó má ṣe ka ti ọjọ́ kan sí. Kí ó ro ti ọjọ́ méje pọ̀, kí ó sì fi méje pín in. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ọ̀sẹ̀ kìíní: 97.2, 96.8, 97.5, 97.0, 96.6, 98.1, 97.9. Bí a bá pín in, ó jẹ́ 97.3 kílò. Ọ̀sẹ̀ kejì: 96.9, 96.5, 96.8, 96.4, 96.7, 97.6, 97.2. Bí a bá pín in, ó jẹ́ bí 96.9 kílò. Ní ọjọ́ kẹfà ọ̀sẹ̀ kejì, ẹni náà wúwo ju ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò mọ ìṣirò yóò sọ ìrètí nù ní ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti ń fúyẹ́ sí i.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ tó gùn ún, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó ṣe. Bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ máa bá a lọ. Bí ó bá gòkè fún ọ̀sẹ̀ méjì léra, ẹ wo òróró inú ọbẹ̀, ẹ wo ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ wo ẹ̀bà tí à ń jẹ ní òru. Ẹ má ṣe fi ebi pa ara yín ní ọjọ́ kan láti fi gbẹ̀san.

Ẹ̀karùn-ún, òṣùwọ̀n kọ́ ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. Ẹ fi okùn wọn ìbàdí yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ sì jẹ́ kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.

Àwọn Tí Ọ̀ràn Wọn Yàtọ̀

Kí aboyún má ṣe wá ọ̀nà láti dín ìwúwo rẹ̀ kù; àwọn nọ́ọ̀sì ni yóò máa wọ̀n ọ́n. Kí ìyá má ṣe máa gbé ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó ń dàgbà gun òṣùwọ̀n lójoojúmọ́, kí ó sì máa fi nọ́ńbà náà bú u. Èyí lè ba ọkàn ọmọ jẹ́ títí tí yóò fi máa sá fún oúnjẹ. Ẹni tí ó bá sì rí i pé òṣùwọ̀n ń gba oorun lójú òun, kí ó pa á tì, kí ó sì jẹ́ kí ilé ìwòsàn máa wọ̀n òun.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàárẹ̀ ní tirẹ̀, tí dókítà sì ní kí ó máa gun òṣùwọ̀n lójoojúmọ́, kí ó má ṣe fi ọ̀rọ̀ wa yí ìyẹn padà. Omi gan-an ni dókítà ń ṣọ́ lára rẹ̀: bí ó bá fi ju kílò méjì lọ wúwo sí i láàrin ọjọ́ mẹ́ta, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú, kí ó tètè lọ rí wọn. Ẹni tí ó bá sì ń rù láìjẹ́ pé ó dín oúnjẹ kù, kí ó má ṣe yọ̀. Kí ó lọ fi ara rẹ̀ han oníṣègùn, nítorí àtọ̀gbẹ, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àwọn àìsàn mìíràn a máa bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Ọ̀rọ̀ Ìkẹyìn

Àwọn àgbà Ìdèrè kò tíì gbàgbé sòbìà. Wọ́n mọ àwọn ọdún tí ó dá àgbẹ̀ dúró sílé ní àkókò iṣẹ́ oko, tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kò sì lè rìn. Kò sí oògùn kan tí a mu lẹ́ẹ̀kan tí ó lé e lọ. Omi tí ó dára ni, àti aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, lónìí, lọ́la, àti ní gbogbo ìgbà tí a bá pọnmi. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà. Ìlú tí ó lè fi sùúrù sẹ́ omi lójoojúmọ́ lè fi sùúrù gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ní ti àwa, oṣù mẹ́jọ ni a ti ń tẹ̀lé ìmọ̀ràn nọ́ọ̀sì náà. Ìwé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n, ìyá àwọn ọmọ wa ni ó sì ń kọ nọ́ńbà náà sínú rẹ̀, nítorí ó ní òun kò fọkàn tán akọ̀wé tí ń kọ ìwé ara rẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tí ó gòkè, a kò sì bínú sí i mọ́. Ní Ọjọ́rú tí ó kọjá ó jẹ́ 93 kílò àti ààbọ̀. A ṣì ń lo oògùn wa, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wa ti rọlẹ̀, a sì ń rìn lọ sí ọjà láìdúró mí lọ́nà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ti òṣùwọ̀n yín bọ abẹ́ ibùsùn, ẹ fà á jáde ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú tí ń bọ̀.